Ọ̀jọ̀gbọ́n Gambari àti oṣù kẹrin ọdún 1994

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sábó Zaria, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọjà yín lọ sí Kano àti ibòmíì. Ẹnì kan bi mí níbí pé kí ni òfin àgbáyé wúlò fún gan-an. Ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Agboola Gambari ni mo máa fi dáhùn.

Ọmọ Ìlọrin ni, 1944 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní London, ó gba PhD ní Columbia, New York. Ní 1977 ó wá sí ABU níbí wa, òun ló sì dá ẹ̀kọ́ International Studies sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní 1984 sí 1985. Láti 1990 títí di 1999, òun ni aṣojú wa ní UN.

Ẹ jẹ́ ká dúró sí oṣù kẹrin 1994. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 15 tó wà ní Ìgbìmọ̀ Ààbò. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n já bàálù ààrẹ Rùwáńdà lulẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Tútsì. Òfin wà nílẹ̀ o! Àtọdún 1948 ni UN ti ṣe àdéhùn pé wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀yà kan run. Ọmọ ogun UN náà wà nílẹ̀, wọ́n lé ní 2,000. Àmọ́ wọ́n pa mẹ́wàá lára àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù, Bẹ́ljíọ̀mù bá ní àwọn ń lọ.

Lọ́jọ́ 13, Nàìjíríà gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun yẹn. Àbá náà ò dé ibi ìdìbò. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ ọjà: a kọ ọ́ sínú ìwé pé bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, gbogbo wa á dáwó. Iná wá jó, àwọn olówó ní àwọn ò rí i pé iná ni. Bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe nìyẹn: wọn ò fẹ́ pe orúkọ ẹ̀, torí bí wọ́n bá pè é, wọ́n á ní kí wọ́n wá pa á. Lọ́jọ́ 21, Ìgbìmọ̀ dìbò pé kí ọmọ ogun ku 270. Nàìjíríà náà dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, àwọn tó kú tó nǹkan bí 800,000.

Gambari fúnra ẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé Ìgbìmọ̀ já Rùwáńdà kulẹ̀, pàápàá àwọn alágbára inú ẹ̀. Òótọ́ ni. Nàìjíríà ò ní veto, ìbò wa ò lè dá nǹkan kan dúró. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó yẹ kó wà nínú ìwé pé ẹnì kan sọ pé rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdajì kejì. Lóṣù yẹn kan náà, lọ́jọ́ 27, àwọn aláwọ̀ dúdú South Africa dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Gambari yìí ni alága ìgbìmọ̀ UN tó ń gbógun ti apartheid. Kí ló fà á tí tibí yọrí? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé ti ń pariwo. Níbí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáwó nínú owó oṣù wọn fún un. Fún Rùwáńdà, ta ló dáwó? Ta ló pariwo?

Nítorí náà, ẹni tó bi mí, òfin àgbáyé wúlò bí àwọn tí kò kàn bá bá ẹni tó kàn gbé e. Àwa tá a ń ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ẹni tó bá lọ́mọ ní Samaru, kó jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́.