Orílẹ̀ Tí Ogun Fọ́: Kókó Ọ̀rọ̀ Tí Oríkì Ẹ̀gbá àti ti Òwu Jọ Ní

Ní Abẹ́òkúta, àwọn tó ń ki oríkì orílẹ̀ Ẹ̀gbá àti àwọn tó ń ki ti Òwu jọ ń gbé inú ìlú kan ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń rò pé ńṣe ni ọ̀kan yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ èkejì. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Àdánù kan náà ló bí ohun tí wọ́n jọ ní.

Ní nǹkan bí ọdún 1821 ni ogun Òwu bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé ló pawọ́ pọ̀ dó ti ìlú náà fún ọdún mélòó kan kí ó tó fọ́. Wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún un tẹ̀ dó. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé Ìkìjà tó jẹ́ ìlú Ẹ̀gbá jẹ nínú ìyà Òwu, nítorí pé ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn nígbà ìdótì. Láti ibẹ̀ ni ogun ti ran gbogbo igbó Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Olúmọ; àwọn Òwu dé bá wọn ní ọdún 1834.

Abájọ tí orúkọ ìlú àtijọ́ fi gbilẹ̀ nínú oríkì méjèèjì. Kẹ́mta, Ìtòkò àti Ìjẹùn ti jẹ́ ìlú tó dá dúró nínú igbó kí wọ́n tó di àdúgbò. Bí a bá ń ki ọmọ Kẹ́mta, ìlú tó ti di ahoro yẹn ni a ń kì, kì í ṣe àdúgbò tí ilé rẹ̀ wà. Ọ̀nà kan náà ni oríkì ọmọ Òwu gbà ń mú un padà sí Orílé-Òwu, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Nínú méjèèjì, ìyìn akọni a máa tẹ̀lé orúkọ ilé. Èyí kò yani lẹ́nu: ẹni tí a ṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ akin ń tù nínú jù.

Ibi tí wọ́n ti yà wà pẹ̀lú, ó sì ṣe pàtàkì. Lísàbí, tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́ ti Ẹ̀gbá nìkan. Ní ti Òwu, ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni pé àwọn ni àkọ́dá. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Olówu wà lára ọba mẹ́rin ilẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ àti Àgùrá, oríkì orílẹ̀ kò sọ ọmọ Òwu di ọmọ Ẹ̀gbá.

Ìyìn Olúmọ ni ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìyìn ìlú tuntun nìyẹn, ó kéré lọ́jọ́ orí sí oríkì orílẹ̀; lẹ́yìn ọdún 1830 ló ráyè dàgbà, pàápàá nígbà tí Ẹ̀gbá àti Òwu jọ lé ọmọ ogun Dahomey padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864.