Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà: Àgbẹ̀ àti Agbára Ìṣàkóso ní Ìbàdàn

Owó kòkó ni a fi kọ́ Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí a parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Síbẹ̀, ní 1968, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà, èyíinì ni ṣílè 30, ni agbára àwọn ká láti san ní owó-orí, àwọn aláṣẹ kọ etí ikún. Àgbẹ̀kọ̀yà dìde, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ní 1969 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Lẹ́yìn èyí ni Awólọ́wọ̀ bá Tàfá Adéoyè sọ̀rọ̀, tí ìjọba sì dín owó-orí kù sí ṣílè 40.

Ìjọba ológun nìyẹn. Kò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin tí àgbẹ̀ lè ké sí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìbò nìkan kò tó. Níbi tí aláṣẹ kò bá ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ìbọn ni yóò gbọ́.