Olùkọ́ Kan ní Cologne, àti Wáyà Tí Kì Í Dákẹ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ rán ọmọdé kan kí ó gun orí táǹkì lọ wo bí omi ṣe kù tó. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé bí omi bá kún, kí ó pariwo gidigidi. Bí ó bá dín, kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Bí kò bá sí omi rárá, kí ó dákẹ́. Ọmọ lọ. Ẹ kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé omi ni ó tán ni, tàbí ọmọ ni ó já bọ́ láti orí àkàbà? Bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe bọ́ nínú ìdààmú yìí ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n a kò lè débẹ̀ láì kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ilẹ̀ Jámánì.

Georg Simon Ohm ni orúkọ rẹ̀. Erlangen ni a bí i sí ní 1789. Alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe àgádágodo ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé, tí ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 1817, Ohm di olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ilé-ìwé kan ní Cologne. Ohun tí ó ń wá ni èyí: bí wáyà bá ṣe ń gùn sí i, báwo ni iná tí ń ṣàn nínú rẹ̀ yóò ti dín kù tó?

Bátìrì ayé ìgbà náà kò dúró sójú kan. Yóò lágbára nísinsìnyí, yóò rẹ̀ láìpẹ́. Poggendorff ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó so bàbà mọ́ irin kan tí à ń pè ní bismuth, kí oríkèé kan wà nínú omi híhó, kí èkejì wà nínú yìnyín. Iná tí èyí ń mú wá kéré, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀. Ohm mú wáyà bàbà mẹ́jọ tí gígùn wọn kò dọ́gba, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣọ́ bí abẹ́rẹ́ òòfà ti ń yí. Ní 1827 ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Berlin. Kókó rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tiwa lónìí, kò gùn: ẹ mú ìṣàn iná, tí à ń fi ámpíà wọ̀n, ẹ fi ìdíwọ́ ọ̀nà rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, agbára tí ń tì í, tí à ń fi fólítì wọ̀n, ni ẹ ó rí.

Ìwé yìí kò fún un ní iṣẹ́ yunifásítì tí ó ń retí. Ààbọ̀ owó oṣù ni wọ́n san fún un ní ọdún tí ó fi gba àyè láti ṣe iṣẹ́ náà (ẹ̀yin olùkọ́ tí ń gbọ́ mi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́). Ó kọ̀wé fi Cologne sílẹ̀, ó di 1833 kí ó tó rí ipò ní Nuremberg. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ọlá ti wá, àmì-ẹ̀yẹ Copley ti Royal Society, ní 1841. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich ní 1852. Ní 1854 ó kú. Ní 1881, àpérò kan ní Paris fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìdíwọ́: ohm.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí táǹkì wa. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, afẹ́fẹ́ inú páìpù ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi ń jíṣẹ́. Ìwọ̀n 3 ni táǹkì òfìfo, 15 ni èyí tí ó kún. Láti bí 1950 lọ ni iná bẹ̀rẹ̀ sí gba iṣẹ́ náà: mílíámpíà 4 fún òfìfo, 20 fún kíkún. Ìlọ́po márùn-ún ni méjèèjì. Ìṣàn ni wọ́n yàn, wọn kò yan fólítì, nítorí fólítì a máa dín kù lórí wáyà gígùn, ṣùgbọ́n iye iná tí ó wọlé ní orí kan ni yóò jáde ní orí kejì, bí omi nínú páìpù tí kò jò.

Kí ni ìdí tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo? Nítorí ọmọ orí àkàbà ni! Táǹkì òfìfo náà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí òdo, wáyà ti já. Ẹ̀rọ tí ó bá ṣi ìdákẹ́ gbọ́ yóò máa fa omi títí táǹkì yóò fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ bẹntiróòlù ni, ẹ mọ ohun tí iná díẹ̀ lè dá sílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń lò lónìí kì í gbọ́ ìṣàn, fólítì ni ó ń gbọ́. Olùkọ́ Cologne ni yóò bá wa ṣe ògbufọ̀. Ẹ fi ìdíwọ́ ohm 250 kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sí ojú ọ̀nà ìṣàn náà, kí kọ̀ǹpútà máa wọn fólítì tí ó wà láàárín orí rẹ̀ méjèèjì. Mílíámpíà 4 yóò di fólítì 1, 12 yóò di 3, 20 yóò di 5. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré òde òní kò gbà ju fólítì 3.3 lọ; ohm 150 ni kí ẹ fi sí irú wọn, kí fólítì má kọjá 3. Èmi fúnra mi ti fi 250 sí ibi tí 150 yẹ rí, ẹ̀rọ náà kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà yín dáadáa. Pẹ̀lú ohm 250, bí ohun tí ó kà bá lọ sílẹ̀ gan-an ju fólítì 1 lọ, kí ó má ṣe kọ ọ́ pé táǹkì ti gbẹ. Kí ó kọ ọ́ pé: ẹ lọ wo wáyà.