Iná Tó Ń Sọ Àkókò: Ìtàn Ẹ̀ta Iná Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí iná kékeré kan tí ojú kì í sábà rí, ṣùgbọ́n tí mọ́tò tó ń lo ẹ́sáǹsì kò lè rìn láìsí i. Òun ni ẹ̀ta iná, ìyẹn iná kékeré tó ń ta pàrà nínú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀ta iná kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa la mọ Kamina, lẹ́bàá Atakpamé. Níbẹ̀ ni àwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan ní ọdún 1911. Ẹ̀ta iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti ibẹ̀ dé Nauen ní Jámánì. Ní òru ọjọ́ 24 sí 25, oṣù kẹjọ ọdún 1914, bí àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sún mọ́ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀ta iná ti Kamina kú. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kékeré ṣì wà nínú àwọn mọ́tò àti alùpùpù tó ń kọjá lójú ọ̀nà wa.

Ní ọdún 1876, Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin tẹ̀ léra. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti gáàsì sínú. Ó ń fún un pọ̀. Iná ń mú un, agbára ń jáde. Lẹ́yìn náà, ó ń tú èéfín sóde. Irin kan tí a ń pè ní písítìnnì ń lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀, bí ọmọ odó nínú odó. Ní ọdún 1902, Gottlob Honold, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Bosch ní Jámánì, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fún ẹ̀ta iná lágbára púpọ̀. Ẹnu búùjì ni iná náà ti ń ta. Búùjì yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pulọ́ọ̀gì.

Ṣùgbọ́n kí iná ta nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ta lákòókò. Ẹ wo àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọ̀kan ṣe ń sọ ọmọ odó kalẹ̀ ni èkejì ń gbé tirẹ̀ sókè. Bí ọ̀kan bá ṣi àkókò, ọmọ odó méjèèjì á kọlu ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì rí. Bí iná bá yá jù, ó ń lu písítìnnì tó ṣì ń gòkè bọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa dún kọ̀ kọ̀ kọ̀, písítìnnì sì lè bàjẹ́. Bí iná bá pẹ́ jù, agbára á dínkù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì máa mu ẹ́sáǹsì púpọ̀. Owó ọlọ́kọ̀ ló ń jóná yẹn.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ awakọ̀ ni àkókò iná wà. Mọ́tò Ford Model T, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1908 dé 1927, ní ọ̀pá kékeré kan lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, lápá òsì. Awakọ̀ ń fi ọ̀pá yìí mú kí iná yá tàbí kí ó pẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti dá a padà kó tó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, irin ìyí náà lè ta padà kí ó ṣẹ́ ẹ lápá. Apá ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣẹ́ báyìí.

Ní ọdún 1909, Charles Kettering àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Delco sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì tó ń sọ Faransé fi ń pe ẹ̀rọ tó ń pín iná ní Delco títí dòní. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà ń yí àkókò fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó. Àmọ́ mẹkáníìkì ló ṣì gbọ́dọ̀ gbé e sí ibi tó yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Etí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń ṣe é. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kò lè yá etí ọ̀gá lò.

Ibí ni iná kejì ti wọlé. Ní ọdún 1832, Joseph Plateau ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Simon Stampfer ní Ọ́síríà rí i, olúkúlùkù lọ́tọ̀, pé bí ènìyàn bá ń wo ohun tó ń yí ní ìṣẹ́jú-ṣẹ́jú tó bá yíyí rẹ̀ mu, ohun náà á dà bí ẹni pé ó dúró. Ní ọdún 1931, Harold Edgerton ní Amẹ́ríkà ṣe àtùpà tó ń ṣẹ́jú kíákíá, ó sì fi ń wo ẹ̀rọ tó ń yí. Irú àtùpà bẹ́ẹ̀ wọ ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì. Wọ́n ń so ó mọ́ wáyà búùjì kìíní. Gbogbo ìgbà tí iná bá ta ní búùjì, àtùpà á ṣẹ́jú. Tí a bá tàn án sí kẹ̀kẹ́ irin tí bẹ́líìtì wé mọ́ níwájú ẹ́ńjìnnì, àmì tó wà lára rẹ̀ á dà bí ohun tó dúró. A ó wá ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àtùpà yìí, kí ó wo nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí ó mọ́lẹ̀ tó láti rí lọ́sàn-án. Àwọn tó ń lo gáàsì neon kì í mọ́lẹ̀ tó àwọn tó ń lo xenon. Èkejì, kí ó bá bátìrì ọkọ̀ mu: ti 12 kò yẹ fún bátìrì 6. Ẹ̀kẹta, èyí tó kàn ń di wáyà mú lóde rọrùn ju èyí tí a ó kọ́kọ́ tú wáyà fún lọ.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Lábẹ́ àtùpà yìí, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì lè dà bí ẹni pé ó dúró. Kò dúró! Ó lè gé ìka. Ẹ má ṣe na ọwọ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ tàbí wáyà sún mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnnì dísù tó ń lọ àgbàdo kò ní búùjì tó ń ta iná, nítorí náà àtùpà yìí kò bá a mu. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àti alùpùpù tòní, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń ṣètò àkókò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Peugeot 504 àtijọ́ àti irú rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ojú tó ń wò.

Àtùpà kò mọ nọ́ńbà. Àmì àti nọ́ńbà wà lára irin, ìwé ọkọ̀ ló sì ń sọ nọ́ńbà tó yẹ. Ohun tí etí ọ̀gá nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti mọ̀wé kà lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n ti tún ọkọ̀ yín ṣe, ẹ ní kí wọ́n tan àtùpà náà, kí ẹ̀yin náà sì kà á.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé:
1. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá yá jù? Bí ó bá pẹ́ jù ńkọ́?
2. Kí ló dé tí abẹ̀bẹ̀ fi léwu lábẹ́ àtùpà yìí?
3. Ẹ wá nọ́ńbà kan lára ẹ́ńjìnnì kan ní abúlé yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.