Ìkòkò Tí Ó Kún, Tí A Kò Mọ Ohun Inú Rẹ̀

Ní ọdún 1982, Árpád Furka, onímọ̀ kẹ́místìrì ní Yunifásítì Eötvös Loránd ní Budapest, kọ èrò kan sílẹ̀, ó sì mú un lọ sọ́dọ̀ nótárì kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Èrò náà kò le. Pín ìlẹ̀kẹ̀ tíntìntín sí ọ̀nà 20; lẹ ámínò ásíìdì, èyí tí í ṣe ohun ìpìlẹ̀ pùròtéènì, ọ̀kan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ìpín kọ̀ọ̀kan; da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o sì tún un pín. Bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, oríṣi ẹ̀wọ̀n 8,000 ni yóò wà nínú ìkòkò. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀márùn-ún, 3,200,000.

Àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn dìrọ̀ mọ́ ọgbọ́n yìí ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n 8,000 orí ìwé lásán ni. Ta ni ó mọ̀ bóyá gbogbo wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ẹ̀rọ tí ń wọn mólékù ti wà tipẹ́; Francis Aston ti ṣe tirẹ̀ ní Cambridge ní 1919. Ìṣòro ni pé mólékù ńlá máa ń fọ́ kí ó tó dé orí ìwọ̀n, àfi ìgbà tí John Fenn, ní Yunifásítì Yale, fi hàn pé a lè fín wọn jáde láti ẹnu abẹ́rẹ́ tí iná mànàmáná wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì dé láìfọ́. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí kò ka ẹ̀sún kò tó. Nínú ẹ̀wọ̀n, 128 ni lysine, 128 náà ni glutamine. Ẹ̀rọ tí Melvin Comisarow àti Alan Marshall gbé jáde ní Kánádà ní 1974 ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere: ó ń jẹ́ kí mólékù tí ó ní iná mànàmáná lára máa yí po nínú agbára mágínẹ́ẹ̀tì, ó sì ń ka ìyípo wọn, èyí tí ó fúyẹ́ a máa yára ju èyí tí ó wúwo lọ. Lójú rẹ̀, 128.095 ni lysine, 128.059 ni glutamine.

Òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Leucine àti isoleucine kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ. Bí a bá sì pààrọ̀ ipò àwọn ámínò ásíìdì inú ẹ̀wọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà, oríṣi ìwọ̀n tí ó lè jáde nínú 8,000 wọ̀nyẹn kò lè ju 1,330 lọ, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ dára tó. Àfi kí a fọ́ ẹ̀wọ̀n náà, kí a wọn àfọ́kù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ padà fi ìkòkò àdàlù sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà kọ̀ọ̀kan sínú kòtò tirẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó kà á mọ́ ohun tí wọ́n ní.