Ẹ̀mú Bíréèkì

Lẹ́nu awakọ̀ Yorùbá, táyà a máa bẹ́, bátìrì a máa kú, ẹ́ńjìnnì a máa nọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n bíréèkì ní tirẹ̀ a máa já. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti yá orúkọ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì rárá. Okùn ló ń já. Ìjánu ẹṣin ló ń já. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe ń yan páàdì àti kálípà fún mọ́tò tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó máa wá orúkọ kiri.

Àwọn kan ń pe bíréèkì ní ìjánu ọkọ̀, àwọn mìíràn sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn pé ayé ẹṣin ti kọjá. Ẹ̀rín náà kò tọ́. Ìjánu ẹṣin ni frenum nínú èdè Látìnì, láti ibẹ̀ sì ni Faransé ti rí frein, tí Sípéènì rí freno, tí Pọ́túgà rí freio. Mẹkáníìkì tó wà ní Salvador ní Brazil, ìjánu ló ń dárúkọ ní gbogbo ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ bíréèkì. Èyí tó tún dùn ún gbọ́ ni orúkọ kálípà. Étrier ni Faransé ń pè é, irin tí agẹṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ nìyẹn. Jámánì ń pè é ní Bremssattel, ìyẹn gàárì bíréèkì. Àwọn méjèèjì ló ṣì wà lórí ẹṣin. Àwọn ará Ítálì ti sọ̀ kalẹ̀ ní tiwọn: pinza ni wọ́n ń pè é, irin méjì tí a fi ń há nǹkan mú.

Yorùbá sì ní i. Ẹ̀mú ni.

Ẹ̀mú ni alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú nínú iná, iṣẹ́ tí kálípà ń ṣe kò sì jìnnà sí i. Kálípà há dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, sáàárín; bí awakọ̀ bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ́ìlì bíréèkì á ti pístìnì, pístìnì á ti páàdì, páàdì méjèèjì á sì di dísìkì mú bó ti ń yí. Ooru tó ń tibẹ̀ wá kì í ṣe kékeré. Mọ́tò tó wúwo tó 1,500 kìlógíráàmù, tó ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, gbé agbára tó tó nǹkan bí 580,000 joule dání. Kí ó tó dúró, ara páàdì àti dísìkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà máa gbà di ooru, ó sì tó láti mú omi lítà kan àti ààbọ̀ hó láti inú títutù. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Ẹ̀mú tún ní ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn. “Bíréèkì yìí ò mú mọ́,” bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń wí fún mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò dúró de ilé-ìwé. Nítorí náà, bí òǹkọ̀wé bá kọ “kálípà” nígbà àkọ́kọ́, tó sì ṣàlàyé pé ẹ̀mú bíréèkì ni, ó ti so orúkọ àjèjì mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí òǹkàwé ti mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa kọ kálípà lọ, torí orúkọ yẹn ni ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládípò ní Mushin, ní Èkó, yóò gbọ́.

Ibì kan wà tí àìsí orúkọ ti lè jẹ owó lápò èèyàn. Ẹ wo Volkswagen Golf 4, irú GTI tó ní turbo. Dísìkì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó 288 mílímítà. Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò náà ti mọ̀ tipẹ́ pé dísìkì 312 mílímítà ti Audi TT lè bọ́ sí i, bí ríìmù rẹ̀ bá ti tó ínǹṣì 16. Dísìkì tó fẹ̀ jù máa ń jẹ́ kí páàdì dì í mú níbi tó jìnnà sí àárín, ó sì ní irin púpọ̀ sí i tí yóò gba ooru. Ṣùgbọ́n kálípà kan náà ni wọ́n ń lò! Ohun tó ń yí padà ni irin tí kálípà jókòó lé, èyí tó dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Òǹkọ̀wé tó bá pe méjèèjì ní kálípà ti rán òǹkàwé rẹ̀ lọ ra ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀. Irin yẹn gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀. “Àgbékà” yóò ṣe é, torí orí rẹ̀ la gbé kálípà kà.

Ìtúmọ̀ olówuuru ló ń ba nǹkan jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Kálípà kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ń léfòó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, òǹkàwé á máa wá odò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni pístìnì rẹ̀ wà. Bó ti ń ti páàdì inú, ara kálípà fúnra rẹ̀ ń sún lórí píìnì méjì, ó sì ń fa páàdì ìta wá pàdé dísìkì. Ó wu èèyàn kó pè é ní kálípà asún, àfi pé ìwé ìròyìn tí kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ yóò jẹ́ kí òǹkàwé máa gbóòórùn ẹran ewúrẹ́ sísun. “Kálípà tó ń sún” sàn jù. Èkejì rẹ̀ ni kálípà adúró, tí pístìnì rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n lè tó mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Bí gírísì bá gbẹ lórí píìnì èyí tó ń sún, kálípà á gan, páàdì kan á sì jẹ tán kí èkejì tó dé ìdajì. Ẹni tó rí èyí kò nílò kálípà ńlá. Gírísì ló nílò.

Ní ti páàdì, “mú” ṣì ni ọ̀rọ̀ tó tóbi jù. Páàdì eré ìje kì í mú títí ara rẹ̀ á fi gbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni mọ́tò àárín ìlú gbọ́dọ̀ dúró nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tẹ ẹ́ láàárọ̀ kùtù. Lẹ́tà méjì tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ páàdì ń sọ ìwọ̀n ìmú rẹ̀: ti àkọ́kọ́ nígbà tí ooru kò tíì pọ̀, ti èkejì nígbà tó bá gbóná gan-an. E wà láàárín 0.25 àti 0.35, F dé 0.45, G dé 0.55. Bí ìwọ̀n ìmú bá jẹ́ 0.40, tí a sì fi agbára 100 tẹ páàdì mọ́ dísìkì, agbára 40 ni yóò fi fa dísìkì sẹ́yìn. Páàdì tí wọ́n kọ FF sí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ooru. Èyí tí wọ́n kọ GE sí ń mú gan-an ní títutù, ó sì ń dẹ̀ nígbà tí awakọ̀ nílò rẹ̀ jù. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sọ bí páàdì yóò ṣe pẹ́ tó.

“Páàdì aláàbọ̀-irin” dára fún irú tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe páàdì sẹ́rámíkì ní páàdì amọ̀, torí òǹkàwé á máa wá ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ nípa aṣọ tó ṣá náà ni wọ́n ń lò fún bíréèkì tó gbóná jù, tí kò mú dáadáa mọ́. Yorùbá kò ní láti bá wọn lọ síbi aṣọ. Bí mọ́tò bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì tí awakọ̀ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ó ti rẹ bíréèkì náà nìyẹn: àárẹ̀ bíréèkì. Orúkọ náà ń ṣàlàyé pé bó bá sinmi, tó tutù, agbára rẹ̀ lè padà. Ó yàtọ̀ sí bíréèkì tó rọ̀ tó ń wọlẹ̀ nítorí pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ti hó. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti fa omi, 155 ni ààlà rẹ̀ já sí. Ibí yìí gan-an ni ìdájọ́ ti rọrùn fún mọ́tò àárín ìlú: páàdì tó dára àti ọ́ìlì tuntun lákọ̀ọ́kọ́, kálípà ńlá lẹ́yìn. Bí táyà bá ti ń fà lórí títì, kálípà onípístìnì mẹ́fà kò lè mú kí ọkọ̀ tètè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ni kí òǹkọ̀wé má fọwọ́ kàn. FF, DOT 4 àti 312 gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé bí wọ́n ṣe wà lára páálí àti ìgò, torí ohun tí oníbàárà yóò fi wé ara wọn nìyẹn nígbà tó bá dúró níwájú ìsọ̀, kó tó kó owó sílẹ̀.