Arán Kì í Ṣe Iyè Rírà: Wíwo Ìwádìí Ìbàdàn láti Ìkòyí-Ilé

Kò sẹ́ni tó lè kọ̀wé nípa ọpọlọ àgbà nílẹ̀ Yorùbá kó fo iṣẹ́ ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis (ní Amẹ́ríkà) lórí iyè rírà (dementia) dá. Ọdún 1992 ni Ọ̀ṣúntókun, Hendrie àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn. Nígbà tí àbájáde ọdún 2001 jáde, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyè rírà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún nínú àwọn àgbà Ìbàdàn tó jẹ́ ẹni ọdún 65 sókè. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis jẹ́ 3.24. Láti ìgbà náà la ti ń fi oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ ìran ṣàlàyé àlàfo yìí. Èmi ò bá iye náà jà. Àwọn tó sọ ọ́ di ìròyìn ayọ̀ pé àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe Yorùbá ni mò ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la ní. Ìgbàgbé kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ìyá gbé kọ́kọ́rọ́ sí ibì kan, kò rántí mọ́. Arán ń bá ọjọ́ orí rìn: bàbá sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ-ọmọ, ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń dáhùn. Iyè rírà ni ìgbà tí bàbá náà jókòó sínú ilé rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mú òun lọ sílé. Ti ẹ̀yìn yìí nìkan ni wọ́n ń pè ní àìsàn. Arán kò lẹ́bi, kò sì ní oògùn. Ẹ̀tọ́ àgbà ni.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Apá méjì ni CSI-D, ìbéèrè àyẹ̀wò iyè rírà tí àwọn olùwádìí náà lò: ọ̀kan fún àgbà fúnra rẹ̀, ọ̀kan fún ará ilé. Àwọn Cree ní Manitoba, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, wọ́n sì fara balẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Àmọ́ bí a bá bi ará ilé bóyá ìyípadà ti dé bá ìyá, tó sì dáhùn pé, "Rárá o, wọ́n kàn ń ṣarán ni," irọ́ kọ́ ló pa. Àìsàn la béèrè. Ọjọ́ orí ló rí.

Ẹ mú ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún kan ní Ìkòyí-Ilé. Ìyàwó ọmọ ló ń ro àmàlà fún un, ọmọ ló ń náwó ọjà, ọmọ-ọmọ ló ń pọnmi. Àgbà Indianapolis ń wa ọkọ̀, ó sì ń san owó iná fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣì í san, ilé mọ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn ò ṣe mọ́ kò lè bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí a fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ló tún bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìkòyí tún ní tirẹ̀. Ìlú Oníkòyí ni, ìlú àwọn Ẹ̀ṣọ́, jagunjagun olóríkì. Ìyá tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀ lè ki oríkì ìran rẹ̀ láìkọsẹ̀, ilé á ní iyè rẹ̀ pé. Ohun tó gbọ́ lọ́mọdé ló ń kì. Ti àárọ̀ yìí ló ń sọnù.  

Àwọn kan á ní dókítà tún àyẹ̀wò ṣe. Òótọ́ ni, Ògúnníyì àti Báyéwù, àwọn dókítà inú iṣẹ́ náà, kì í sì í ṣe àjèjì sí èdè. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ara wọn dá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni dókítà rí. Mo gbà pé àṣìpè yìí nìkan lè má dí àlàfo àárín Ìbàdàn àti Indianapolis.

Rọpárọsẹ̀ fi ọ̀nà kejì tí àìsàn iyè ń gbà fara pamọ́ hàn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó kú là ń wò. Àmọ́ olùwádìí Akínyẹmí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn tó yè é ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí iyè wọn ti dín kù. Ẹni tí wọ́n bá gbé láti Ìkòyí lọ sí ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́ yẹ kó gba ìbéèrè nípa iyè kó tó padà wálé. Orí tí ọ̀kadà tàbí ìṣubú ṣe léṣe náà kò yàtọ̀.

Ìdájọ́ mi ni pé iyè rírà kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Arán la ti pè é kí oníṣirò tó kanlẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn àgbà Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, níbi tí Ìkòyí wà, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lánàá, kó tó béèrè ohun tí kò lè ṣe mọ́.